Tamiya Extra Thin: gọ́ọ̀mù fún ẹni tó ń gé ọkọ̀ ogun kékeré mọ́ra wọn

Ẹni tó bá ń to ọkọ̀ ogun kékeré, ìyẹn táǹkì àti ọkọ̀ akẹ́rù onike tí a fi ń ṣeré ogun lórí tábìlì, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe yà á sínú ìwé ìlànà lè lo gọ́ọ̀mù ike èyíkéyìí, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dára. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé ọkọ̀ kan sí méjì kí ẹ lè fi kún gígùn rẹ̀, tí ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ táǹkì kan sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù òmíràn, tàbí kí ẹ fi ike pẹlẹbẹ kọ́ ilé ìbọn orí táǹkì tí ilé iṣẹ́ kankan kò ṣe rí, gọ́ọ̀mù ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ náà á dúró lórí tábìlì tàbí á tú síni lọ́wọ́ láàárín eré. Fún irú iṣẹ́ yìí, Tamiya Extra Thin Cement, èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 87038, ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí kò gbọdọ̀ dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Ìgò onígíláàsì kékeré ni, mílílítà 40 ló wà nínú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì sì wà lára ìdérí. Acetone àti butyl acetate, kẹ́míkà tó ń yọ́ ike, ni olórí ohun tí wọ́n fi ṣe é, kò ki rárá, ṣe ló ń ṣàn. Kì í lẹ ike pọ̀ bíi ti súpà gúlúù. Ojú ike méjèèjì ló máa ń yọ́, wọ́n á wọnú ara wọn, nígbà tí gọ́ọ̀mù bá sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ tán, ike nìkan ló kù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi ayùn gba ojú ìsopọ̀ kọjá, kí ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ lu ihò sí i, tí kò sì ní là. Súpà gúlúù kì í gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gbẹ tán, ó máa ń le ju ike lọ, sáńpépà á jẹ ike tó wà lápá ọ̀tún àti òsì, á fi òun sílẹ̀ bí òkè tóóró láàárín. Tí ọkọ̀ bá tún já bọ́ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́.

Polystyrene ni ike tí gọ́ọ̀mù yìí mọ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe kíìtì onífèrémù, ìyẹn ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ń gé kúrò lára férémù ike ká tó tò wọ́n, ti Games Workshop, ti Tamiya fúnra rẹ̀, àti ike pẹlẹbẹ Evergreen, nítorí náà ẹ lè gé wọn mọ́ra wọn láìbẹ̀rù. Kò ní mú résìn, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n dà sínú àpẹrẹ tàbí èyí tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jáde. Kò ní mú irin, kò sì ní mú ike rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé. Tí ẹ bá yọ nǹkan lára mọ́tò ìṣeré tí ẹ ò mọ irú ike tó jẹ́, ẹ kán ẹyọ kan sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò ní tó, ẹ ka ení títí dé ogún, kí ẹ wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ ibẹ̀. Tí ojú ike bá rọ̀ tó sì ń fà mọ́ ọ̀bẹ, ó ti gbà. Tó bá gbẹ tí ojú ike ò yí padà, súpà gúlúù tàbí epoxy (gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀) ni kí ẹ wá.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí. Kíìtì méjì lè jẹ́ polystyrene, kí ike ọ̀kan sì rọ̀ ju ti èkejì lọ. Èyí tó rọ̀ á ti yọ́ nígbà tí èyí tó le ò tíì mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan kan òun. Ojú èyí tó le ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù pa, ẹ jẹ́ kó mu díẹ̀, kí ẹ tó gbé èkejì lé e, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iṣẹ́ tó ń fi agbára rẹ̀ hàn jù lọ ni fífi kún gígùn ara ọkọ̀. Ká ní ẹ fẹ́ fi mílímítà 20 kún ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ogun. Ẹ yí téèpù ká ara rẹ̀ kí ìlà lè gún, kí ẹ sì gé e pẹ̀lú ayùn tó fẹ́lẹ́. Ẹnu ayùn náà máa jẹ díẹ̀ nínú ike, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ìlà ni kí ẹ gbà, ẹ má gba orí rẹ̀. Ẹ tẹ́ sáńpépà 240 sórí gíláàsì, ẹ ha ojú tí ẹ gé lórí rẹ̀ títí á fi tẹ́jú. Ẹ gé ike mílímítà 1 sí abala mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 10, kó sì gùn tó 30, kó lè wọ abẹ́ ara ọkọ̀ ní mílímítà 5 níwájú àti 5 lẹ́yìn. Àwọn yẹn ni egungun. Ìdajì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ láti inú, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá gbé ìdajì iwájú wọ̀ ọ́, kí ẹ gé ike tó nípọn bíi ti ara ọkọ̀ dí àlàfo mílímítà 20 náà. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ gbé e sókè sí iná. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ojú ìsopọ̀ kọjá, ẹ tún un ha. Gọ́ọ̀mù yìí kì í dí ihò.

Tó bá ti ṣe gẹ́ẹ́, ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìsopọ̀ láti inú, ẹ má pa á bí ẹni ń kun ọ̀dà. Ẹ ó rí i tí ìlà náà dúdú díẹ̀, tí dúdú náà sì ń sáré tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Níbi tó bá dúró sí ni kí ẹ tún ti kàn án. Ẹ mú un pọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ike yíyọ́ á fi yọ díẹ̀ sójú ìta. Ẹ má nù ún! Ike yíyọ́ yẹn ni yóò dí ojú ìlà, tí ẹ bá nù ún, ẹ ó kàn fi ba ojú ike tó mọ́ jẹ́ ni. Ẹ sì ṣọ́ ibi tí ìka yín wà. Tí ìka bá gun ojú ìsopọ̀, gọ́ọ̀mù á gba abẹ́ rẹ̀ lọ, á sì ya ojú ìka yín sára ike, kò sì sí ọ̀dà tó máa bò ó.

Ìgbà wo ló gbẹ? Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dúró débi tí ẹ fi lè gbé e kalẹ̀. Èyí ló ń tan èèyàn jẹ. Ike tó yọ́ sínú ojú ìsopọ̀ ṣì rọ̀, gọ́ọ̀mù ṣì ń jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sún kì bó ṣe ń jáde. Tí ẹ bá ha á lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó sì tẹ́jú, tí ẹ fi ọ̀dà kùn ún, ìlà náà á tún hàn lábẹ́ ọ̀dà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, torí ó ti rì. Ó kéré tán, ẹ fún un ní wákàtí 24. Níbi tí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ sí, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ fá ike tó yọ síta, kí ẹ fi sáńpépà 400 ha á, kí ẹ sì fi 600 parí rẹ̀.

Ibi tó ti le jù ni kí a fi ike pẹlẹbẹ bo ara ọkọ̀, bíi ká fi àwo irin kún ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Ike 0.5 mm ni àwọn èèyàn fẹ́ràn torí ó rọrùn gé. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó dára lójú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ ti ń dìde, ó sì ń rì. Gọ́ọ̀mù tó há sáàárín kò rọ́nà jáde, ó wá ń gba ara ike tó fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí etí rẹ̀ nìkan, àti ibi méjì tàbí mẹ́ta láàárín. Tí ibẹ̀ bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ike 1 mm ló yẹ ẹ́. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ lu ihò 1 mm mélòó kan sára ọkọ̀ lábẹ́ ibi tó máa bò, kí èéfín rẹ̀ lè gba inú jáde. Àpótí tí ẹ bá fi ike pẹlẹbẹ kọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n dí pa láìsí ihò máa ń tẹ̀.

Fún rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn orí ìṣó róbótó tó máa ń wà lára irin ọkọ̀, ẹ gé ọ̀pá ike 0.75 mm wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tí ẹ fi omi pa díẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e síbi tó máa wà, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó wà lára ìdérí ti tóbi jù fún èyí, gọ́ọ̀mù tó máa dà sí i á yọ́ rífẹ́ẹ̀tì náà kúrò nílẹ̀. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó kéré jù lọ tí ẹ ò lò mọ́. Mo ka èyí sí àbùkù gidi lára ọjà yìí, torí pé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ lára ọkọ̀ ogun.

Àlàfo tí gọ́ọ̀mù kò lè dí lásán ṣì lè di dídí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó ṣófo, ẹ gé férémù ike tó ṣẹ́ kù nínú kíìtì yẹn gan-an sí wẹ́wẹ́, bíi mílímítà 3, ẹ dà á dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, kí ẹ da gọ́ọ̀mù lé e títí á fi bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rora rò ó pẹ̀lú igi. Tí ẹ bá sáré rò ó, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ihò kéékèèké á sì hàn nígbà tí ẹ bá ha á. Kó ki bí oyin ni kí ẹ wá. Ó dára ju pọ́tì (ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí àlàfo) lọ, torí ike kan náà ni, sáńpépà ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ara ọkọ̀. Ó máa ń sún kì ṣá. Ẹ má fi ju mílímítà 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ìpele kan gbẹ fún ọjọ́ kan kí òmíràn tó gùn ún. Àlàfo tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, abala ike ni kí ẹ kọ́kọ́ ki bọ̀ ọ́.

Ẹ má jẹ́ kó kan ike tí ẹ tẹ̀ tó ṣì ń fẹ́ padà sípò. Ike 0.5 mm tí ẹ fi agbára tẹ̀ yí iwájú ọkọ̀ ká máa ṣẹ́ pàá bí gọ́ọ̀mù bá kàn án lórí ibi tó tẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ kó lè gba ìrísí náà kó tó di pé ẹ lẹ̀ ẹ́. Gíláàsì ike ojú ọkọ̀ náà máa ń sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi omi pò ló tọ́ sí i. Ojú tí ọ̀dà tàbí súpà gúlúù àtijọ́ wà, àfi kí ẹ fá a dé ike. Òòfà tí ẹ fẹ́ fi mú ilé ìbọn dúró, súpà gúlúù ni tirẹ̀, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ojú tó ń fà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ gé kíìtì 1/35 (ìyẹn èyí tó kéré ju ọkọ̀ gidi lọ ní ìlọ́po 35) mọ́ ti eré tí ọmọ ogun rẹ̀ ga tó 28 mm, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ara táǹkì T-34-85 gidi gùn tó mítà 6.1, èyí jẹ́ mílímítà 174 ní 1/35, 127 ní 1/48, àti 109 ní 1/56 tó bá ọmọ ogun 28 mm mu jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ ṣeé mú lò. Ìdérí ibi tí èèyàn ń gbà wọlé ló ń tú àṣírí, ẹ fá a kúrò kí ẹ fi ti kíìtì 28 mm rọ́pò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà ga jù. Nínú Warhammer 40,000, eré ogun orí tábìlì ti Games Workshop, ohun tí ojú rí lára ọkọ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tó lè yìnbọn lù ú.

Òórùn rẹ̀ le, ó sì máa ń gbiná kíá. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sí nítòsí. Ìgò náà lè dojú dé, ohun tó bá sì dà sí lórí tábìlì, bí ó bá jẹ́ ike, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ gé ihò sínú igi fún un láti jókòó sí. Ẹ má lo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ sínú páálí, polystyrene lòun náà, yóò sì yọ́ lábẹ́ ìgò.

Quick Setting, nọ́ńbà 87182, ni àbúrò rẹ̀, ó máa ń tètè gbẹ. Fún ike kéékèèké tí ẹ ò lè dì mú pẹ́, bíi ọwọ́ ìlẹ̀kùn àti rífẹ́ẹ̀tì, ó dára ju ẹ̀gbọ́n lọ. Fún ara ọkọ̀ tí ẹ gé, kò dára tó, torí ó ti ń lọ kí ẹ tó rí ìgbà tún un tò kó gún. Tí ẹ bá ní méjèèjì, ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ ọ̀kan. Àwọ̀ ewé ni ìdérí àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ kò sì pọ̀ bí iná yàrá bá ti ṣe bàìbàì.