Ṣọ́ọ̀bù Ìtọ́jú Ara Ọkọ̀ Kan ní Alágbàkà

Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ dúdú ní Àkúrẹ́ mọ ohun tí erùpẹ̀ pupa lè ṣe: bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a gun ilẹ̀kùn, bí ọyẹ́ bá dé, eruku a ti bo gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń fọkọ̀ lẹ́bàá títì ni mo ń gbé tèmi lọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò sì rí àléébù kankan títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gbé e sínú oòrùn ní òpópónà Ọba Adésídà, tí mo sì rí i pé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kún fún ìlà tín-ín-rín bí ilé aláǹtakùn. Fóòmù tí wọ́n fi ń fọ táyà náà ni wọ́n fi ń fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yanrìn inú rẹ̀ ló ń ha ọ̀dà.

Ohun tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù yìí ní Alágbàkà, ní Àkúrẹ́ kan náà, nìyẹn. Ohun tí ó mú kí n fọkàn tán ọ̀gá ibẹ̀ ni pé kò dárúkọ owó kí ó tó yẹ ọkọ̀ náà wò yípo. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti tún ilẹ̀kùn yìí kùn rí. N kò ní fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ púpọ̀.” Òótọ́ ni, èmi gan-an ti gbàgbé. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tó wà lókè pátápátá, tó ń mú ọkọ̀ dán, kì í sábà ju ìdá 50 nínú ìdá 1,000 mìlímítà kan ṣoṣo lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni fífi ẹ̀rọ dán ọkọ̀ láti pa irú ìlà bẹ́ẹ̀ rẹ́ ń bó díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n bá bó kúrò kò tún ní hù mọ́. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ dán ọkọ̀ láìwọn ọ̀dà ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ohun olóhun.

Wọ́n fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò kí ọwọ́ tó kan ara ọkọ̀, wọ́n lo korobá méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan aṣọ, wọ́n sì fi amọ̀ rírọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ara ọkọ̀ fa oje igi àti kólítà jáde. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí omi tó bá gbẹ sára ọkọ̀ nínú oòrùn máa ń fi àpá sílẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnì, wọ́n fi ọ̀rá bo àwọn ibi tí wáyà iná mànàmáná wà, wọn kò sì lo kẹrosíìnì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń bèèrè fún bí ó tilẹ̀ ń ba rọ́bà jẹ́.

Wọ́n ní àléébù tiwọn náà. Aago méjì ni wọ́n dá fún mi, ìrọ̀lẹ́ ni mo gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí àga kan tí oníbàárà lè jókòó sí. Òróró tí wọ́n fi pa táyà pọ̀ débi pé ó ta sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí n tó dé Ìjàpọ̀. Owó wọn náà kì í ṣe owó tí mo lè san lóṣooṣù.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń lọ síbẹ̀. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọmọ ẹ̀bá títì ló ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé aṣọ ìfọkọ̀ àti korobá kejì lọ fún wọn, wọn a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.