MX-5, Boxster àbí RX-8: ibi tí àìsàn ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àlòkù ń sá pamọ́ sí

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò ju agbára lọ á sábà bá orúkọ mẹ́ta yìí pàdé: Mazda MX-5 àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 1989, Porsche Boxster 986, tí wọ́n ṣe láti 1996 títí di 2004, àti Mazda RX-8, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Gbogbo wọn ló dùn-ún wà. Ibi tí àìsàn wọn ń gbé ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ti MX-5 wà níta gbangba, ojú àti tọ́ọ̀ṣì ti tó. Ti Boxster wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ti RX-8 kì í jẹ́wọ́ àfi tí wọ́n bá fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó mú èyí tó wù yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú àyẹ̀wò tí apá yín ká.

Omi àti ìdógùn-ún

Ní ti MX-5, ẹ má tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn, pàápàá apá tó kángun sí táyà ẹ̀yìn. Òrùlé aṣọ ọkọ̀ yìí ní ihò kéékèèké tí omi òjò ń gbà jáde. Ewé àti ẹrẹ̀ máa ń dí i, omi á dúró sínú irin, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ síta. Bí ọ̀dà bá ti ń wú níbẹ̀ bí ìléròrò, inú ti bàjẹ́ jìnnà. Ẹ mú òòfà kékeré dání, kí ẹ fi aṣọ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa fà á lọ lórí irin náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, body filler, ohun rírọ̀ tó máa ń le bí amọ̀ gbígbẹ, ni wọ́n fi dí i. Gígé irin àti jíjó òmíràn mọ́ ọn ni àtúnṣe rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọ̀dà tuntun lè bò mọ́lẹ̀ títí.

Ara Boxster kì í tètè dógùn-ún, torí wọ́n ti fi zinc bo irin rẹ̀. Àmọ́ omi kò ṣàì ṣe é ní tirẹ̀. Bí ihò òrùlé bá dí, abẹ́ àga ni omi ń dà sí, níbi tí àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí álààmù àti kọ́kọ́rọ́ wà. Bó bá rin, ọkọ̀ lè kọ̀ láti sítáàtì. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ti búùtù ẹ̀yìn náà: tó bá tutù, ó ṣeé ṣe kí ike omi rédíétọ̀ ti sán.

Ti RX-8, ẹ yẹ etí irin orí táyà ẹ̀yìn wò, kí ẹ máa bọ̀. Wàhálà gidi rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì

MX-5 ló rọrùn jù. Timing belt rẹ̀, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáfù máa ṣí lásìkò, yẹ ní pípààrọ̀ ní nǹkan bí 100,000 kìlómítà, àmọ́ bó tilẹ̀ já, fáfù àti písítìn kì í sábà kọlu ara wọn. Bó bá ń dún tá-tá-tá nígbà tó tutù, ọ́ìlì tuntun lè wò ó sàn. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú mi kọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lára ti lítà 1.6 ti ìbẹ̀rẹ̀, títí di nǹkan bí 1991: imú kírankí rẹ̀, ọ̀pá tí písítìn ń yí, kúrú, ibi tí pulley, àgbá tí bẹ́líìtì ń gùn, ti jókòó sí lórí rẹ̀ sì máa ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹjú mọ́ pulley náà. Tó bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá òmíràn lọ.

Boxster ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ọ̀pá kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń gbé agbára kírankí lọ bá àwọn kámù tó ń ṣí fáfù; IMS ni wọ́n ń pè é. Bẹ́rìn kan ló gbé ìdí ọ̀pá yìí dúró. Tí gírísì inú bẹ́rìn náà bá tán, á jẹ, ọ̀pá á yẹ̀, fáfù á pàdé písítìn, ẹ́ńjìnnì á sì parí iṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tó ní ìlà bọ́ọ̀lù kan, tó bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ọdún 2000, làwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù. Olùtà á ní kò tíì fún òun ní wàhálà rí. Òótọ́ lè ni, torí bẹ́rìn yìí kì í sábà fi àmì hàn tẹ́lẹ̀.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ fílítà ọ́ìlì, kó ya bébà inú rẹ̀, kó tẹ́ ẹ sábẹ́ oòrùn. Bí ẹ bá ti ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, irin wẹ́wẹ́ á máa kọ mànà láàárín ìṣẹ́po bébà náà, bó bá wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀, ìdúnàádúrà ti parí. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè rìsíìtì klọ́ọ̀ṣì. Gíábọ́ksì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè dé bẹ́rìn náà, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe klọ́ọ̀ṣì lẹni tó gbọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ksì, ọ́ìlì lè rin díẹ̀ láti ara síìlì. Kíkán tó-tó-tó lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má jẹ́ kí èéfín ráńpẹ́ òwúrọ̀ já yín láyà, ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀ ni. Èéfín funfun tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró ni kí ẹ bi wọ́n léèrè.

RX-8 kò ní písítìn rárá. Rotor onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú ẹ́ńjìnnì 1.3 rẹ̀, síìlì tó wà ní orí igun wọn ló sì ń mú compression, agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fún pọ̀, dúró. Irinṣẹ́ compression ti ẹ́ńjìnnì lásán kò lè ya ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rotor sọ́tọ̀, ti rotary, irú ẹ́ńjìnnì onírotor yìí, ni kí wọ́n lò. Jíjẹ ọ́ìlì kì í ṣe àrùn fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó ni ọkọ̀ tó bá ní òun kì í fi ọ́ìlì kún un ni àrùn. Bí irinṣẹ́ kò bá sí nítòsí, ẹ wà á títí á fi gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá sítáàtì rẹ̀ fúnra yín. Tó bá ń yí tí kò tètè mú, síìlì ti rẹ̀, olùtà ì báà sọ pé bátìrì ni.