Táǹkì omi gbígbóná: 200 lítà ni àbí 300?

Híítà tí a mọ̀ ń fi iná se omi ni. Hítì pọ́ǹpù ní tirẹ̀ ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ sínú omi, nítorí náà iná díẹ̀ ló ń jẹ, àmọ́ ó ń lọ́ra. Ìlọ́ra yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò kẹ́ ẹ tó yan táǹkì.

Fún èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin l'Ádó-Èkìtì, 200 lítà tó. Bí ẹ̀rọ bá ń lo nǹkan bí 500 wáàtì, á gbà á tó wákàtí márùn-ún kí omi tó kúrò ní 25°C dé 55°C. Ti 300 lítà á sún mọ́ wákàtí méje. Ìgbà wo la tiẹ̀ ń ríná tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Síbẹ̀, ilé tí ọmọ àti àna ń ya sí nígbà Kérésì, 300 ni màá rà fún un: tó bá ti gbóná, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́jọ́ kejì bí wọ́n tiẹ̀ múná lọ. Ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ọyẹ́ orí òkè yín á tún fi kún ìlọ́ra rẹ̀.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ má tì í mọ́ yàrá há-há. Atẹ́gùn tútù ló ń tú síta.