Switch oní pọ́ọ̀tù 8 tí mo rà torí ìpè fóònù: oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti tan QoS ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, switch ni àpótí tó ń so wáyà kọ̀ǹpútà àti fóònù pọ̀. Ọ́fíìsì wa n'Ìbàdàn, fóònù orí nẹ́tíwọọ̀kì mẹ́rin la ní, wáyà kan ṣoṣo ló so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, 100 Mbps péré. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ báyìí tí kọ̀ǹpútà akáúńtì bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì lọ sórí sáfà, ohùn kọ́sítọ́mà á máa já, "ẹ ò gbọ́ mi ni? ẹ tún un sọ", bẹ́ẹ̀ ìpè kan ò ju bíi 90 kbps lọ, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí wáyà yẹn lè gbé!

Ṣe ló dà bí ẹni tó kó ogún kẹ́ẹ̀gì wá sídìí ẹ̀rọ omi, tí ẹni tó kàn fẹ́ bu ife kan fi lo oògùn wá tò sẹ́yìn ẹ̀. Kí oníife kọ́kọ́ bu tiẹ̀, iṣẹ́ QoS nìyẹn. Fóònù wa máa ń fi àmì DSCP 46 (nọ́ńbà tó ń sọ pé kí wọ́n tètè jẹ́ kó kọjá) sára ohùn, switch yìí dẹ̀ ní ìlà mẹ́rin lórí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, 46 yẹn ló yẹ kó wọ ìlà iwájú.

Méjì ni mo rà, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò yí nǹkan kan padà, inú bí mi gan. Àṣé switch ò tíì gba àmì fóònù gbọ́, ó ń pa á rẹ́ di 0 ni. Ìgbà tí mo yí i sí trust DSCP, ìyẹn kó gba àmì náà gbọ́, títí kan pọ́ọ̀tù tí wáyà àárín yẹn wà, ohùn mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ backup, ìyẹn fáìlì akáúńtì tó ń lọ sórí sáfà, ń lọ lọ́wọ́ o!

Ọ̀gá wa wá ní kí n fi kọ̀ǹpútà òun náà síwájú. Mo ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ń kó fídíò ńláńlá, ìpè tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, torí ìlà kan náà lòun àti ohùn jọ wà. Mo dá wọn padà sí ìlà kejì, mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbà. Ohùn nìkan ló wà ní strict priority (òun ló máa ń kọ́kọ́ kọjá nígbà gbogbo) báyìí, àwọn yòókù ń fi WRR (yíyípo, kálukú ní ìwọ̀n tiẹ̀) pín àyè tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí tẹ Save o, iná lọ lẹ́ẹ̀kan báyìí, gbogbo ohun tí mo ṣe ló pòórá. Tó bá dẹ̀ jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé gan-an ló fà, switch ò rí i ṣe, ọ̀dọ̀ router (ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé) nìyẹn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìwé tó bá a wá ò sọ nǹkan kan nípa trust yẹn, ó dẹ̀ yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́.