Òrùka mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí n máa wo ẹ̀yìn òdòdó

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fi extension tube mẹ́ta ya òdòdó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bá wọn. Òrùka inú òfìfo lásán ni wọ́n, kò sí díńgí kankan nínú wọn: ọ̀kan nípọn ní mílímítà 12, ìkejì 20, ìkẹta 36. Àárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì là ń ki wọ́n bọ̀. Bí lẹ́ńsì bá ṣe jìnnà tó sí sensor (ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà) ló ṣe lè súnmọ́ òdòdó tó. Tí mo bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sídìí lẹ́ńsì 50mm tèmi, ohun tí mò ń yà máa ń tóbi lórí sensor ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Ìyẹn wà lára páálí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan tó wà lẹ́yìn òdòdó máa yòrò, àwọ̀ wọn nìkan ló máa kù. Hibiscus pupa kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo yà á tó ìgbà 40, kò sí èyí tó wù mí. Òrùka ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìgbà tí mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà ni mo tó rí i: igi gbígbẹ kan tí n kò tiẹ̀ kíyè sí ti di ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn òdòdó. Mo padà lọ, mo sún orí sósì bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ewé tó wà nínú òjìji bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, pupa yẹn sì là yọ. Òdòdó kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà o! Báyìí, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ yàn: ibi tó ṣókùnkùn fún òdòdó funfun, nǹkan tó jọ aró fún aláwọ̀ ìyeyè.

Pupa ṣì tún fi ojú mi rí nǹkan. Ewé òdòdó náà ń dán bíi ike, iṣan ara rẹ̀ ti pòórá, bẹ́ẹ̀ ni histogram, àtẹ inú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, ń sọ pé kò séwu. Àṣé àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pupa, ewé àti aró, ló pò pọ̀. Ìgbà tí mo ṣí ti pupa nìkan, ó ti fi orí sọ ògiri, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo wá ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí −0.7 lórí kámẹ́rà, mo sì ń dúró kí ìkùukùu bo oòrùn.

Ní ti ibi tí nǹkan máa dúró sí nínú àwòrán, mi ò kì í fi gbogbo òdòdó sáàárín mọ́. Hibiscus ní ọ̀pá kan tó yọ síta, orí márùn-ún ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń jẹ́ kó mú, kó hàn kedere, ní igun kan, kí ewé òdòdó yòókù máa ṣàn jáde. Ní f/2.8, tí ihò lẹ́ńsì ṣí gbayawu, ẹyọ irun kan ló máa mú. f/11, tí ihò náà ti kéré, ni mo ń lò. Tó bá ti kọjá f/16, gbogbo àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò ní mú dáadáa mọ́.

Àléébù wọn kò kéré. Wọ́n ń jẹ ìmọ́lẹ̀, ojú kámẹ́rà á sì pẹ́ kó tó pa dé, nítorí náà atẹ́gùn díẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ ò lè ya ohun tó jìnnà àfi tí ẹ bá tú wọn kúrò. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níbẹ̀, ẹnu lẹ́ńsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdòdó, òjìji rẹ̀ á sì bò ó. Ẹni tó fẹ́ ya kòkòrò, kó wá lẹ́ńsì macro 100mm, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún yíya nǹkan kékeré. Èyí tó bí mi nínú ni òrùka 12: láàárín oṣù mẹ́rin ó ti ń mì, kámẹ́rà kì í mọ̀ pé lẹ́ńsì wà níwájú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, ohun tó wà lára páálí ni wọ́n tún kọ ránṣẹ́ sí mi.

Síbẹ̀, tí ẹ bá ti ní 50mm nílé, ẹ rà á. Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti fi téèpù dúdú wé ti 12 yẹn.