Ẹ má tíì sáré lọ sórí afárá yẹn

Bí ẹ bá dé Lekki Conservation Centre, igbó tí wọ́n ń dáàbò bò l'Ékòó, lójúkojú ilé iṣẹ́ epo Chevron lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, orí afárá òkè ni gbogbo èèyàn máa ń kù gìrì lọ. Láti 2015 tí wọ́n ti ṣí i ló ti gbajúmọ̀: mítà 401 ló gùn, àárín orí igi ló sì rọ̀ sí. Èmi náà gùn ún. Ó ń fì, orúnkún mi ń gbọ̀n, Bísí ọmọ mi wà lẹ́yìn, ó ń fi fóònù ká igbe mi sílẹ̀. Ó tán.

Ìsàlẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà onípákó kan wà tí wọ́n tẹ́ sórí irà. Kò fẹ̀, bí ẹ bá pàdé ẹlòmíì, ẹ ó fẹ̀gbẹ́ kọjá ni. Ọmọ Ejìnrìn ni mí, adẹ́mu sì ni bàbá mi. Nígbà tí mo rí igi ògùrọ̀ tó dúró sínú omi, tí imọ̀ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó fẹ́ gbá mi lójú, ẹsẹ̀ mi dúró. Irú imọ̀ yìí la fi bo ilé ìdáná wa nígbà yẹn. Omi ibẹ̀ dúdú bí àgbo tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, nǹkan kan sì ń mí nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń hó díẹ̀díẹ̀. Bísí ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo ní kó ní sùúrù, ará ilé ni mò ń kí.

Wọ́n ní ọ̀nì wà nínú irà náà. Awọ́nrínwọ́n lèmi rí, ó na ara gbọọrọ sórí igi tó wó, ó ń wò wá bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó jẹ gbèsè.

Ẹ má mú oúnjẹ dání nítorí àwọn ọ̀bọ. Èmi rọra di ẹ̀pà sísè sínú ọ̀rá, mo rò pé mo gbọ́n. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, ó já a gbà, ó padà sórí igi, ó wá ń bó o jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ju èèpo rẹ̀ lé gèlè mi lórí. Ẹ̀bi mi ni.

Ẹni tí orúnkún ń dùn lè rin ọ̀nà pákó, ó tẹ́jú. Ilé kan tún wà tí wọ́n kọ́ sórí igi, àkàbà rẹ̀ ni mi ò sún mọ́. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ariwo èèyàn má bo ohùn ẹyẹ, ẹ sì wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78, láti 1990 ni Nigerian Conservation Foundation sì ti ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé alájà tó yí i ká, ẹ ó mọ̀ pé ká ní wọn ò ṣọ́ ọ ni, iyanrìn ni wọn ì bá ti dà sí i.

Oṣù tó ń bọ̀ màá tún lọ, èmi nìkan, láìmú ẹ̀pà dání.