Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù fa tírélà: ẹ yẹ jígí ẹ̀gbẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin oníkánópì, ẹ̀yin tí ẹ ń kó oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sóde àríyá, gbogbo ẹni tó ń fi Hilux tàbí píkọ́ọ̀pù mìíràn fa tírélà kékeré kiri, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹnì kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tó ń ta jígí ẹ̀gbẹ́ gígùn, irú èyí tó máa ń yọ síta kí dírẹ́bà lè rí ẹ̀yìn tírélà. Orí WhatsApp ló ti ń pàtẹ. Fọ́tò tó ń gbé síbẹ̀ dára, ọjà tó ń fi lé èèyàn lọ́wọ́ ni kò dára. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é, bí mo bá sì dá orúkọ kan, àwọn tó kù á kàn máa tà lọ ni. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ó ní ti Hilux wà, ti Ford wà, ojúlówó tòkunbọ̀ ni, Kòtónù ló gbà wọlé. Ó gba ìdajì owó ní tiransífà. Ẹ ní ẹ fẹ́ wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti jáde, òun á fi rán ọlọ́kadà. Ọjà dé nínú nàílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé tipátipá. Ọlọ́kadà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tú u kó tó gba owó tó kù, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí rewáyà bá fi máa ráyè dé ọ̀dọ̀ yín, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ pe nọ́ńbà, ó ní, "Ọ̀gá, ó jáde lọ́wọ́ mi ní pípé o."

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya kánópì àti àga lápá Under G ra méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí rewáyà ń tú u. Ike ìta rẹ̀ kò burú rárá, ti Amẹ́ríkà ni, àmì ilé-iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Jígí ni wọ́n ti pààrọ̀. Irú jígí yìí sábà máa ń jẹ́ méjì nínú ike kan: ńlá kan lókè tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kékeré kan nísàlẹ̀ tó wú síta díẹ̀ láàárín. Rewáyà ki súkúrúdiráfà bọ etí ti ìsàlẹ̀, ó sì yọ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun tó ń fà tẹ̀lé e. Kò sí pèpéle ike kankan lẹ́yìn rẹ̀. Jígí yàrá ni, irú èyí tí àwọn onífírémù ń gé, etí rẹ̀ rí wúruwùru, ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí, dúdú sì ti ń jẹ ẹ́ wọlé láti igun kan. Rewáyà gbé e sókè, ó wo eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, èyí á dáa fún irùngbọ̀n fífá."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Jígí òkè tó tẹ́ ń fi nǹkan hàn ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, òun lẹ fi ń mọ bí ọkọ̀ ẹ̀yìn ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n ibi tó ń rí kò fẹ̀. Èyí tó wú nísàlẹ̀ ń sọ nǹkan di kékeré, àmọ́ ó ń kó ibi púpọ̀ mọ́ra: táyà tírélà yín, etí kòtò, ọ̀kadà tó ti rá wọ ẹ̀gbẹ́ yín. Bí wọ́n bá fi jígí yàrá pààrọ̀ rẹ̀, jígí méjèèjì kò rí ju ọ̀ọ́kán lọ mọ́, ọlọ́kadà yẹn sì ti sọnù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, bí tánkà ṣe máa ń yọ síni lójijì lápá Odò Ọbà, kò nílò àlàyé.

Ọgbọ́n kejì ni jígí ọkọ̀ tí dírẹ́bà rẹ̀ ń jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún. Nàìjíríà ti yí kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì, Japan àti South Africa ṣì wà lórí rẹ̀, pátì wọn sì ń wọlé. Ike rẹ̀ lè jókòó sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa bíi pé tirẹ̀ ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ bọ́tìnì láti yí i lẹ ó tó mọ̀. Jígí á lọ dé òpin, síbẹ̀ ara ilẹ̀kùn yín tàbí igbó ẹ̀gbẹ́ títì lá ṣì máa fi hàn, torí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n ṣe é fún. Ontàjà á ní rewáyà yín ni kò mọṣẹ́.

Nítorí náà, kí owó tó kù tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ tú nàílọ́ọ̀nù. Bí ọlọ́kadà bá ń kùn, ẹ jẹ́ kó kùn. Ẹ mú káàdì ATM, ẹ fi etí rẹ̀ lé jígí ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó wú lóòótọ́, àárín nìkan ni káàdì á kàn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ lábẹ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Bó bá jókòó pẹ́ẹ́, ẹ dá ọjà padà. Jígí tó wú ti apá èrò nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń ní àkọlé "Objects in mirror are closer than they appear". Ti Yúróòpù ní lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òbìrípo: E1 ni Jámánì, E4 ni Netherlands, E11 ni Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi èékánná họ ọ́. Bó bá ṣí, sítíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wo wáyà rẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti gé orí rẹ̀ kúrò, mo mọ̀ pé àwọn rewáyà wa lè so ohunkóhun mọ́ ohunkóhun, àmọ́ jígí tí wọ́n já lára ọkọ̀ ẹlòmíì ló sábà máa ń wá bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ ra ẹjọ́ ọlọ́ṣà mọ́ ọn. Ẹ fa apá rẹ̀ jáde tán, kẹ́ ẹ gbá a ní àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó bá ń gbọ̀n níbi tẹ́ ẹ dúró sí, tẹ́ ẹ bá sáré díẹ̀, ẹ ò ní dá ojú ọkọ̀ kan mọ̀ nínú rẹ̀. Ibí yìí ni èyí tí wọ́n ń fi rọ́bà dè mọ́ jígí ọkọ̀ ti máa ń kùnà. Oòrùn á mú rọ́bà dẹ̀. Èmi ò ní ra irú rẹ̀.

Ìdánwò tó ju gbogbo rẹ̀ lọ kò ná kọ́bọ̀. Ẹ so tírélà mọ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ jókòó sí ìdí ìwakọ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ yín dúró sí igun ẹ̀yìn tírélà, kó máa wo jígí. Bó bá rí ojú yín nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà ń rí i. Bí kò bá rí yín, jígí yẹn kò gùn tó, ohun yòówù tí ontàjà ì báà sọ. Hilux fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.8. Bí tírélà yín bá jẹ́ mítà 2.4, ó ti yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, jígí sì gbọ́dọ̀ kọjá ìyẹn kó tó rí nǹkan kan. Ẹ ṣe é ní ọ̀tún, kẹ́ ẹ ṣe é ní òsì.

Ní ti "ọjà tí a bá tà kì í padà" tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ọjà bá ní àbùkù. Òfin tó dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, wà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì ń gba ẹjọ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, ẹni tí ń tajà lórí WhatsApp kì í sì í fún èèyàn. Ẹ pa álẹ́ẹ̀tì báǹkì mọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fọ́tò tó fi hàn yín kó tó pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tí tiyín ti wọlé, ẹ má tíì jù ú nù. Bí ike àti apá rẹ̀ bá dára, jígí nìkan lẹ máa rà, pẹ̀lú pèpéle ike ẹ̀yìn rẹ̀, lápá Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ. Ọdún ọkọ̀ nìkan kò tó, torí èyí tó ní wáyà ìgbóná lẹ́yìn àti èyí tí kò ní kì í bá ara wọn mu.